Ìsàlẹ̀ Àfonífojì



Ní ọdún 1973, Sidney Coleman àti Erick Weinberg ṣírò bí agbára inú òfìfo ti ń pọ̀ tàbí ti ń dín bí pápá kan ti ń le sí i. Bí a bá ya èyí sí orí tákàdá, ó dà bí ilẹ̀ olókè. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ni àgbáyé ń sinmi sí. Ṣùgbọ́n kí a tó lè ṣírò, a ní láti yan òdiwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní géèjì, ọwọ́ wa sì ni yíyàn rẹ̀ wà. Ní ọdún 1974, Dolan àti Jackiw fi hàn pé bí géèjì bá yàtọ̀, àwòrán náà yàtọ̀. Èwo ni kí a gbàgbọ́? Àwa olùkọ́ a máa bínú sí ọmọ tí ìdáhùn rẹ̀ ń yí padà bí ó ti ń pààrọ̀ rúlà!

Nielsen ni ó tú ọ̀ràn náà ní ọdún 1975: yíyí géèjì padà dà bí fífa tákàdá náà sí ẹ̀gbẹ́. Àfonífojì sún kúrò ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n jíjìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Kì í ṣe ọ̀ràn eré. Kí a tó rí èérún Higgs ní ọdún 2012 pàápàá ni a ti ń ṣírò bóyá àfonífojì mìíràn wà tí ó jìn ju tiwa lọ. Ní ọdún 2014, Andreassen, Frost àti Schwartz fi hàn pé ọ̀nà ìṣirò tí a ń lò fún un ṣì ń tẹ̀lé géèjì, wọ́n sì tún un ṣe.