Àwọn Faransé àti Ìwà Wọn: Ohun tí ó Kan Ará Òkè-Ògùn

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìlúà ní òwúrọ̀, tí ó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, lè dé ẹnubodè kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ní òdìkejì, yóò bá àwọn tí ń kí i ní “Ẹ kú àárọ̀”, tí ń gún iyán, tí ń bọ Ògún. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni aṣọ́bodè yóò bá a sọ, owó sẹ́fà ni yóò ná lọ́jà, ẹni tí ń jẹ́ Adéṣínà níhìn-ín ni yóò sì rí orúkọ bí tirẹ̀ tí a kọ ní “Adéchina”. Irú ènìyàn wo wá ni àwọn Faransé, tí àmì ọwọ́ wọn kò parẹ́ lára ará ilé ẹni?

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé pín ilẹ̀ náà. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ṣakí, Ìṣẹ́yìn, Òkèhò àti Ìlúà bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò bi ọba kankan léèrè. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá méjì ti ń lọ sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń mọ Faransé ni ìfẹ́ èdè rẹ̀. Láti ọdún 1635 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan sílẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tọ́jú èdè náà. Ogójì ni àyè tí ó wà nínú ẹgbẹ́ yìí títí di òní. Ìgbéraga yìí kan náà ni wọ́n gbé wá sí Dàhòmì, tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975. Èdè Faransé nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba. Ní ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì, Bíbélì Yorùbá ti pé látòkè délẹ̀ ní ọdún 1884, ọmọdé sì ń fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ á-bí-dí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Kétu ló lè kọ lẹ́tà sí Paris, ṣùgbọ́n tí kò lè kọ ọ̀kan sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ.

Ohun kejì ni ìkíni. Ẹni tí ó bá wọ ìsọ̀ láì kọ́kọ́ sọ pé “Bonjour” ti hùwà àìmọ̀kan lójú wọn. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, ẹni tí ó mọ̀ pé ìkíni ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí a sì ti ní “o” àti “ẹ”, bẹ́ẹ̀ ni Faransé ní “tu” àti “vous”. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé ọjọ́ orí àti ipò ni Yorùbá ń wò. Ìfaramọ́ra ni Faransé ń wò jù. Ọmọ Faransé a máa pe bàbá tí ó bí i ní “tu”, kì í sì í ṣe àrífín.

Ohun kẹta ni oúnjẹ. Faransé kì í kánjú jẹun. Oúnjẹ a máa tẹ̀lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ọtí wáìnì, ọ̀rọ̀ àti àríyànjiyàn a sì máa lọ láàárín wọn. Àjọ UNESCO ka irú àsè yìí mọ́ ogún àjùmọ̀ní ọmọ aráyé ní ọdún 2010.

Ohun kẹrin ló le jù. Láti ìgbà tí àwọn ará Paris ti fọ́ ẹ̀wọ̀n Bastille ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 1789 ni Faransé ti ń fi òmìnira, ìdọ́gba àti ìfẹ́ ọmọnìkejì yangàn. Síbẹ̀, àwọn kan náà ló fi ipá kó ará Dàhòmì ṣiṣẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n sì fi ipá kó ọ̀dọ́ sógun ní ọdún 1914 sí 1918. Ọ̀pọ̀ ìdílé sá kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọgbọ: ní ọdún 1916 ni Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ètò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi ìjọba méjèèjì wé ara wọn nínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1976.

Ní ọdún 1996, ìjọba Nàìjíríà kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì. Ọmọ Ìlúà tí ó bá kọ́ ọ yóò rí èrè rẹ̀ lọ́jà Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní ẹnubodè. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lára Faransé kì í ṣe èdè wọn, bí kò ṣe bí wọ́n ti ń ṣìkẹ́ èdè wọn. Bí òbí bá ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá nínú ilé, ohun tí Faransé fi ipá ṣe ní Kétu ni òun ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní Òkè-Ògùn. Kí ọmọ kọ́ èdè àlejò, ṣùgbọ́n kí ó má pàdánù èyí tí yóò fi kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lódìkejì.