Kí ni à ń sọ fún àlejò?



Bí àlejò bá wọ ilé wa, omi la kọ́kọ́ ń fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò mìíràn wà, kò ní tíì mu omi tán tí yóò ti máa béèrè: «Òwú tẹ́ ẹ tà, èló lẹ gbà? Níbo lẹ kó owó náà sí? Ta ló ń sùn sílé lálẹ́?» Kí ló kàn án níbẹ̀?

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀ràn yìí. Láyé ogun, ọba Dàhòmè ní àwọn amí tí à ń pè ní agbajigbeto. Wọn a ṣe bí oníṣòwò, wọn a wọ ìlú onílùú. Wọn a máa bá ará ìlú ṣàwàdà, wọn a máa wo odi, wọn a máa wádìí agbára ìlú. Ohun tí wọ́n bá rí, tí wọ́n bá gbọ́, ọba ni wọ́n ń lọ rò ó fún. Lẹ́yìn náà ni ogun ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi ń ṣọ́ra. Kétu mọ odi, ó gbẹ́ yàrà, ó fi ènìyàn ṣọ́ ẹnubodè Akaba Ìdènà. Síbẹ̀ ogun Dàhòmè fọ́ Kétu ní ọdún 1886.

Lónìí, olè ló ń ṣe iṣẹ́ amí. Ẹ má bú àlejò o. Bó bá béèrè owó, ẹ ní: «A dúpẹ́, a rí jẹ.» Bó bá béèrè baálé, ẹ ní: «Kò jìnnà, ó ń bọ̀.» Ó tán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ni ojúmìító. Agbẹ̀bí tó ń béèrè ọjọ́ orí ọmọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ìjọba rán wá ka ènìyàn, ẹ ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn, ẹ pe olórí abúlé sí i, kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Àwa náà ńkọ́? Bí a bá dé ìlú onílùú, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tó gbé wa lọ. Gbèsè onígbèsè àti ìjà tọkọtaya kò kàn wá. Àmọ́ bí iná bá ń jó ilé aládùúgbò, tàbí tí wọ́n ń na ọmọ ní ìnàkúnà, ìyẹn kan gbogbo wa.

Ẹyin lọ̀rọ̀: bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.