Àmì Yorùbá Lórí Bọ́tìnnì Méjìlá



Ní ìgbà tí fóònù mi ṣì jẹ́ oníbọ́tìnnì méjìlá, àbúrò mi kan ní Mushin fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé: "Egbon ti ra oko." Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ti sọ nílé pé a kò ní wọ dánfó lọ síbi ìnáwó mọ́. Ìgbà tí a fojú rinjú ni mo tó gbọ́ pé oko ni wọ́n rà, kì í ṣe ọkọ̀.

Èmi kò dá àbúrò mi lẹ́bi. Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, àwọn tí ó to àkójọ lẹ́tà inú rẹ̀ kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn. À, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀ nítorí àwọn èdè Yúróòpù. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan a máa gba lẹ́tà 160. Bí ọ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, ó di 70. Ẹni tí ó bá kọ lẹ́tà 100 yóò san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì. Owó ìtanràn ni èyí, lórí kíkọ Yorùbá bí ó ti yẹ!

Àwọn kan ní kí a kúkú gé àmì wọ̀nyí kúrò. Èmi kò gbà. Ẹ wo àwọn ará Jàpáànù: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àmì kanji tí wọ́n ń lò, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì méjìlá náà ni fóònù tiwọn ní. Sílébù èdè wọn ni wọ́n tò sórí rẹ̀: a, i, u, e, o lórí ìkíní, ka, ki, ku, ke, ko lórí ìkejì. Bí ènìyàn bá tẹ ìró ọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rọ a to àwọn kanji tí ó bá ìró náà mu sílẹ̀ kí ó yan èyí tí ó fẹ́. Kí ni kò jẹ́ kí a tẹ "oko", kí ẹ̀rọ sì to oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ síwájú wa? Àkọtọ́ tí a ti ń jíròrò lé lórí ní Èkó yìí láti 1875, ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e.

Lónìí, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà fún fóònù olójú gíláàsì. Àbúrò mi ti ra ọ̀kan. "Oko" ni ó ṣì ń kọ sí mi.