"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan" mélòó ni? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ ká mọ̀ níwájú dókítà

Prince George's County níbí ní Maryland ni mo wà. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ẹni tó ń mú bàbá tàbí màmá lọ sí ọsibítù.

Lọ́dọ̀ tiwa, "ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan" ni a sábà máa ń sọ. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pín in sí oríṣiríṣi.

"Once in a blue moon" ni ohun tó wọ́n bí ojú. Bí òṣùpá àrànmọ́jú bá yọ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan, èkejì ni wọ́n ń pè ní blue moon. Kì í ṣe pé ó di búlúù o! A rí irú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ó máa ń tó bí ọdún méjì ààbọ̀ kí òmíràn tó dé.

"Every now and then" ni ìgbà dé ìgbà, láìní àkókò kan pàtó. "Off and on" ni kó bẹ̀rẹ̀, kó dáwọ́ dúró, kó tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bàbá ní àyà ń dun òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ túmọ̀ rẹ̀ sí "once in a blue moon." Dókítà á rò pé kò wọ́pọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, nígbàkígbà tí bàbá bá gun àtẹ̀gùn. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ kó ìdààmú bá ọmọ. "Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan" ni wọ́n fi ń bo ìrora mọ́lẹ̀. Àyà dídùn tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó wá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ewu ńlá ni.

Nítorí náà, iye ni kí ẹ sọ. Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ yìí? Ìṣẹ́jú mélòó ló máa ń gbà? Kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Bó bá ń dùn wọ́n lọ́wọ́lọ́wọ́, tí kò lọ, ẹ pe 911 kíákíá.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì le, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Òfin Affordable Care Act ti ọdún 2010 ní kí ọsibítù tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ pèsè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má tijú, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ bá mi fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú òbí.