Pípa Ọ̀rọ̀ Oníbàárà Mọ́ Nínú Òwò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ òwò ni ọ̀rọ̀ òní.

Ní etíkun Àgbádárìgì, láti ọjà Agbálàtà títí dé ẹnubodè Sèmè, púpọ̀ nínú òwò àgbọn, ẹja àti aṣọ ti kúrò lórí àtẹ, ó ti bọ́ sínú fóònù. Oníbàárà ní Kútọnu yóò fi WhatsApp béèrè iye ọjà, yóò fi ohùn ránṣẹ́, yóò san àsansílẹ̀; ọmọ iṣẹ́ ni yóò sì dá a lóhùn. Bí ọmọ iṣẹ́ náà bá gba fírídọ̀ọ̀mù lọ, tàbí tí fóònù bá bọ́ sínú ọ̀sà, ta ni yóò sọ àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe? Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ẹnubodè. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sèmè padà. Ẹni tí ó ti gba owó ọjà tí kò lè kọjá, gbèsè ni ó gbé sọ́rùn fún nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlógún.

Áyà tí ó gùn jùlọ nínú Àlùkùránì, Súrà Al-Baqarah áyà 282, orí èyí ni ó dá lé. Ó pàṣẹ pé kí á kọ gbèsè tí a dá àkókò fún sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀; ó sì yọ ọjà tí a ná tí a gbé lójú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò kọjá ni pé ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ gan-an ni a ní kí ó máa sọ ọ́ fún akọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gba àsansílẹ̀ ti di onígbèsè. Bí ó bá ti kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ọjà yóò dé ní ọjọ́ Jímọ̀, dandan ni kí ó pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yẹn mọ́, ìbáà gbè é, ìbáà dá a lẹ́bi.

Iṣẹ́ tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi Zoho àti Odoo lè ṣe nìyí. Wọ́n ń ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, a ó sì so ímeèlì àti iṣẹ́ tí ó rán mọ́ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ẹni tí ó dáhùn. Èyí tí a fi ẹnu sọ lórí fóònù, kí ẹni tí ó sọ ọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí ó tó gbàgbé. Kí á fi ọ̀rọ̀ oníbàárà síbẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́, nítorí òǹtajà tí ó bá ṣe àkópọ̀ rẹ̀ lè ṣe é sí ọ̀nà tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí àṣìṣe bá wà, abẹ́ rẹ̀ ni kí á kọ àtúnṣe sí. Kí á má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ilé ẹjọ́ pàápàá ń gba ìwé tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, bí ó bá pé ojú ìwọ̀n tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 là sílẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, ìwé ńlá kan àti bírò yóò ṣe é.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé kíkọ nìkan ni òdodo. Àwọn tí wọ́n kó ẹrú gba èbúté yìí kan náà kọ ìṣirò òwò wọn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Amánà sì ni ohun tí oníbàárà sọ: àdírẹ́sì rẹ̀, àìsàn rẹ̀, ìdí tí owó kò fi sí lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, kò gbà kí á tọ́jú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá ìgbà tí a nílò rẹ̀. Ó sì fún ẹni tí ó ni ín ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí á sì tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ọmọ iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ń lọ ni kí á pààrọ̀ rẹ̀. Kí nọ́ńbà tí oníbàárà ń pè sì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ti ọmọ iṣẹ́.