Ẹsẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Bàtà: Táyà Ńlá lórí Ọkọ̀ Jíìpù àti Ọ̀nà Ilẹ̀ Ẹ̀gbá



Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí táyà ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan tí àwọn awakọ̀ wa ń lò lójoojúmọ́ ni ó sì gbé mi dé ibí yìí. Bí táyà bá jò lójú ọ̀nà, wọn a ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti jò. Kẹ̀kẹ́ tí ń ná Lafẹ́nwá sí Kútọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń pè é. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe táyà ní bàtà ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rọ́bà ni a fi ń ṣe àwọn méjèèjì. Ènìyàn lè bọ́ bàtà kan kí ó wọ òmíràn láìṣe ohunkóhun sí ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ so mọ́ orúnkún, orúnkún so mọ́ itan, itan sì so mọ́ ìbàdí. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi wo ohun kan tí ó ti di àṣà láàárín àwa tí a ń gun jíìpù, èyíinì ni fífi táyà tí ó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sí ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà yóò tẹ̀. Láti 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, àárín òkúta ni wọ́n ń gbé, àárín òkúta ni wọ́n sì ń la ọ̀nà sí. Bí a bá jáde nílùú tí a dojú kọ àwọn abúlé ìhà Ọdẹ́dá tàbí ti Ọbáfẹ́mi-Owódé, kò ní pẹ́ tí ọ̀dà yóò fi tán tí yangí yóò sì bẹ̀rẹ̀. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, yangí a le koránkorán, ojú rẹ̀ a sì di ìlà-ìlà tí ń gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì. Bí òjò bá dé, erùpẹ̀ orí rẹ̀ a di ẹrẹ̀ pupa tí ń yọ̀ bí ilá, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ rẹ̀ ṣì le síbẹ̀. Àgbàrá a gbẹ́ kòtò sí ọ̀tún àti òsì, òkúta akọ a sì yọ gọ̀ǹgọ̀ láàárín. Ọkọ̀ kékeré tí ó bá gba ibẹ̀, ikùn ni yóò fi máa gbá òkúta. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó gba ẹ̀bá Abẹ́òkúta kọjá, ọ̀nà ni wọ́n ṣe kí ó bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ mu, irin lórí irin. Ọ̀nà oko wa kò rí irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà mu.

Ọkọ̀ tí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa ni Land Rover. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé ní ìlú Amsterdam ní oṣù kẹrin 1948, táyà 6.00-16 ni ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní ìnṣì, èkejì ni ìwọ̀n irin tí a fi táyà wọ̀. Táyà náà fúnra rẹ̀ ga tó ìnṣì 29 bí a bá nà án dúró. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tí ara rẹ̀ gùn, tí a mọ̀ sí 109, táyà 7.50-16 ni wọ́n fi sí i, gíga èyí sì súnmọ́ ìnṣì 32. Irú ọkọ̀ yìí náà ni ilé-iṣẹ́ Leyland ń tò pọ̀ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ yín tí ó wà níhìn-ín ni yóò sì rántí bí ó ti ń pariwo. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́ jù ni irú kan tí wọ́n ń pè ní One Ton, tí wọ́n ṣe láti 1968 títí di 1977. Táyà 9.00-16 ni tirẹ̀, gíga rẹ̀ sì tó bí ìnṣì 35. Àwọn tí ó ṣe é kò kàn mú táyà ńlá kí wọ́n gbé e sí ọkọ̀ àtijọ́. Wọ́n ṣe férémù mìíràn fún un, wọ́n yí bí sípíríǹgì ṣe so mọ́ férémù náà padà kí àyè lè wà lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n lo ọ̀pá ẹsẹ̀ tí ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì fún un ní jíà tí kò yára ṣùgbọ́n tí ó lágbára. Bí ẹsẹ̀ ti ń tóbi ni orúnkún àti ìbàdí ń tóbi pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Ìṣirò kékeré yóò fi hàn wá. Ká ní ẹnìkan yọ táyà ìnṣì 29, tí ó sì fi ti ìnṣì 32 dípò rẹ̀. Lójú rẹ̀, ó ti fi ìnṣì 3 gbé ọkọ̀ sókè. Rárá o. Àárín gbùngbùn táyà ni ọ̀pá ẹsẹ̀ gbà kọjá. Ìdajì àfikún náà wà lókè, ìdajì rẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀, nítorí náà ìnṣì kan ààbọ̀ péré ni ó jèrè. Ohun tí ó san nítorí rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlọ́po kan táyà ńlá ń jìnnà ju ti kékeré lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá. Aago iwájú awakọ̀ kò mọ èyí: bí ó bá ń pe 80 kìlómítà ní wákàtí kan, 88 ni ọkọ̀ ń sá. Ẹ́ńjìnì yóò máa mí gúle-gúle lórí òkè nítorí pé jíà rẹ̀ kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu mọ́. Bíréèkì tí wọ́n ṣe fún táyà kékeré ni yóò máa dá ohun tí ó wúwo jù ú lọ dúró. Bí awakọ̀ bá sì yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, táyà lè máa ha ara ọkọ̀ títí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi gé.

Nínú ẹsẹ Ifá kan tí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ yín, gbogbo orí péjọ láti gbìmọ̀, wọn kò sì ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀. Ìjà ni wọ́n fi tú ìpàdé náà ká. Ìgbà tí wọ́n tó pe Ẹsẹ̀ ni ìmọ̀ràn wọn tó lójú. Àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ a máa fi ìtàn yìí ṣàlàyé pé orí nìkan kò tó, ènìyàn ní láti gbìyànjú. Nínú ọ̀rọ̀ tòní, òdìkejì rẹ̀ ni mo rí. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ tán tí ó wá lọ pààrọ̀ táyà rẹ̀ sí èyí tí ó tóbi lẹ́bàá títì, Ẹsẹ̀ nìkan ni ó pè sí ìpàdé. Kò pe Orí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ti mọ̀ pé àwọn oníbàárà fẹ́ táyà ńlá, wọ́n sì ti ń tà á mọ́ ọkọ̀ láti ilé. Ní 2021 tí Ford tún gbé Bronco jáde, ẹni tí ó bá yan ìpèsè tí wọ́n sọ ní Sasquatch, táyà ìnṣì 35 ni yóò bá ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Ní 2022 ni ti Raptor dé pẹ̀lú ìnṣì 37. Jeep náà ṣe ti Wrangler Rubicon ní 2021, wọ́n pè é ní Xtreme Recon. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe mọ́ táyà ìnṣì 35 náà: wọ́n fi ìnṣì kan ààbọ̀ gbé ara ọkọ̀ ga, wọ́n yí jíà padà, wọ́n sì ki ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láyà, nítorí pé ara ilẹ̀kùn náà ni táyà àfipamọ́ ń rọ̀ sí. Ta ni nínú àwọn tí ń pààrọ̀ táyà lẹ́bàá títì ni ó rántí ìdè ilẹ̀kùn?

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé irú táyà bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Táyà tí ó fẹ̀ dára lórí iyanrìn, nítorí pé kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì. Ọ̀nà tiwa, ẹrẹ̀ díẹ̀ ni lórí ilẹ̀ líle. Ohun tí a fẹ́ níbẹ̀ ni táyà tí ó ga ṣùgbọ́n tí kò fẹ̀ púpọ̀, tí yóò la ẹrẹ̀ já kí ó lè tẹ yangí. 7.50-16 àtijọ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní ti àwọn jíìpù tí a ń rí ní òde ìnáwó, tí irin wíìlì wọn tóbi tí ó ń dán yinrin-yinrin, tí rọ́bà orí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí ìgbátí agbọ̀n, fàájì nìyẹn. Òkúta akọ kan ṣoṣo tó láti ba irin náà jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí ni mo ń bọ̀ wá sí. Ilé-iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt àti ti Dunlop ní Ìkẹjà, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ti dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró, ti ìṣáájú ní 2007, ti èkejì ní 2008. (Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn tí J. B. Dunlop ti ṣe táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ ní Belfast ní 1888, igi irẹ́ inú igbó wa wà lára àwọn tí wọ́n ń dá lára fún rọ́bà tí ń gba Èkó lọ sí òkè òkun, títí tí púpọ̀ nínú wọn fi kú.) Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá fẹ́ táyà ńlá tí apá rẹ̀ kò sì ká tuntun, tòkunbọ̀ ni yóò rà. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1920, tí ó ti kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ rí, sọ nípa arẹwà ọkùnrin kan nínú The Palm-Wine Drinkard (1952) tí ó jẹ́ pé ńṣe ni ó háyà ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí ó ti ń padà sínú igbó ni ó ń dá wọn padà fún àwọn tí ó ni wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Táyà tòkunbọ̀ ńlá máa ń rán mi létí ọkùnrin yìí: àárín ọ̀nà ni ó ti máa ń padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Ìjìnlẹ̀ ojú rẹ̀ kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT ni ó ń sọ ọ́: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Rọ́bà tí ó ti gbó a máa sán láti inú, pàápàá bí oòrùn bá mú tí ẹrù sì pọ̀.

Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní Abẹ́òkúta bákan náà ní 1934, fi ilé ìtajà kan sínú eré rẹ̀, The Road (1965), níbi tí wọ́n ti ń ta ohun tí ó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ tí jàǹbá ti ṣe. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988. Ẹni tí ó kọ irú eré bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ rírà fún iléewòsàn abúlé àti fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n táyà sínú ìwé náà kí ọkọ̀ tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, kí wọ́n béèrè jíà tí ó bá a mu, kí táyà àfipamọ́ sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú mẹ́rin yòókù. Aboyún tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti abúlé ní òru, nínú òjò, kò ní àyè láti dúró de ẹni tí yóò wá táyà ọkọ̀ mìíràn bọ̀ láti Abẹ́òkúta.