Ta Ni A Ṣí Ilẹ̀kùn Oxford Sílẹ̀ Fún?



Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àjọ Sutton Trust tú àṣírí ńlá kan. Láàárín ọdún mẹ́ta, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ péré kó ọmọ 1,310 wọ Oxford àti Cambridge. Ilé-ẹ̀kọ́ 2,894 mìíràn, 1,220 ni gbogbo wọn rí kó wọlé lápapọ̀. Mẹ́jọ! Eton àti Westminster, ilé-ẹ̀kọ́ olówó gọbọi, wà nínú wọn. Òtítọ́ ni pé ti ìjọba ni Hills Road, ṣùgbọ́n inú ìlú Cambridge gan-an ni ó wà.

Ṣé ọpọlọ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó pé jù? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ wọn mọ ọ̀nà. Wọn a máa bi ọmọ ní ìbéèrè léraléra títí ẹ̀rù àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò fi ní bà á mọ́. Ọmọ tálákà a mọ̀wé bí tiwọn, kí ó má sì rí ẹni tí yóò sọ fún un pé ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì yòókù ń dúró di oṣù Kìíní.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́ òru ní Peckham, kí ẹ tó kó owó náà sílẹ̀, ẹ bi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ léèrè: ọmọ mélòó ni ó fi ìwé ránṣẹ́, mélòó ni wọ́n sì dá padà?